Íjíbítì kọ́ ló ri ọkọ̀ abẹ́ omi Dakar

Níbi àpèjẹ ìfẹ̀yìntì ẹnì kan tí a jọ ṣiṣẹ́ ọkọ̀ rí ni ọ̀rọ̀ náà ti tún jáde. A ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọkọ̀ ogun àtijọ́, ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wa bá ní, “Ẹ rántí Dakar, èyí tí Ísírẹ́lì rà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ṣebí Íjíbítì ló ju àdó olóró lù ú tó fi rì.” Gbogbo ẹni tó wà ní tábìlì mi orí. Ẹnì kan tiẹ̀ fi kún un pé, yàtọ̀ sí Íjíbítì, ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni, kí ni wọ́n ń retí tẹ́lẹ̀?

Mo dákẹ́ níbẹ̀ torí pé ẹni tó sọ ọ́ jù mí lọ, ọjọ́ ayẹyẹ sì ni. Ṣùgbọ́n ó ti tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá tí mo ti gbọ́ ọ, láti ẹnu àwọn èèyàn tó mọ òkun dáadáa, tó sì yẹ kí wọ́n mọ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Àwọn 69 ló wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ó yẹ kí a máa sọ ohun tó pa wọ́n bó ṣe rí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́. Dakar yìí kò kan ìlú Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà; orúkọ ẹja ni lédè Hébérù. Ibi ìkànkọ̀ Devonport ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kàn án, wọ́n tì í sómi ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1943, HMS Totem sì ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Oṣù kìíní ọdún 1945 ló wọṣẹ́, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ti fẹ́ parí. Lẹ́yìn ogun, wọ́n gé e ní agbedeméjì, wọ́n ki ègé mìíràn bọ̀ ọ́ láàárín kí ó lè gùn sí i, kí bátìrì rẹ̀ lè pọ̀ sí i, wọ́n sì yọ ìbọn ńlá orí rẹ̀ kúrò kí ara rẹ̀ lè máa dán kọjá nínú omi. Ní ọdún 1965, Ísírẹ́lì ra mẹ́ta nínú irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: Totem di Dakar, Turpin di Leviathan, Truncheon di Dolphin. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n dán an wò, wọ́n sì fà á lé àwọn ọmọ ogun ojú omi Ísírẹ́lì lọ́wọ́ ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1967.

Ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 1968 ló kúrò ní Portsmouth lọ sílé. Ya'acov Ra'anan ni ọ̀gá ọkọ̀. Ní ọjọ́ 15 ó ti dé Gibraltar, ó sì jáde níbẹ̀ lóru, ó forí lé Haifa, èbúté Ísírẹ́lì. Abẹ́ omi ló gbà la Òkun Mẹditaréníà kọjá, ó ń lo snorkel, ìyẹn páìpù gígùn tó yọ orí sókè omi tí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì fi ń mí. Ìrìn náà yá ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ó lé díẹ̀ ní máìlì ojú òkun 8 tó ń rìn láàárín wákàtí kan. Ra'anan tiẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gúnlẹ̀ ní ọjọ́ 28 dípò ọjọ́ 29. Wọ́n ní rárá, nítorí wọ́n ti dá ọjọ́ ìkíni káàbọ̀.

Ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 10 ní òwúrọ̀ ọjọ́ 24, ó fi rédíò sọ ibi tó wà: 34°16′ ní àríwá, 26°26′ ní ìlà oòrùn. Ìlà oòrùn erékùṣù Kírétè nìyẹn, òkun kan náà tí ẹ̀ ń kà nípa rẹ̀ nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì. Láàárín wákàtí 18 tó tẹ̀ lé e, ó ránṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta sí i, ṣùgbọ́n kò sọ ibi tó dé mọ́. Èyí tó kẹ́yìn wọlé ní ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn aago méjìlá òru, tí ilẹ̀ ọjọ́ 25 ń mọ́ bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sóhun kankan mọ́.

Ibí ni ọ̀rọ̀ Íjíbítì ti wọlé. Àwọn kan ní Íjíbítì, títí kan ọ̀gágun, jáde láwọn ọdún tó tẹ̀ lé e láti sọ pé ọkọ̀ ogun wọn ló bá Dakar nítòsí Alẹkisáńdríà, ìlú èbúté wọn, tó sì lé e wọ inú ìsàlẹ̀ omi. Mo mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi gbà á gbọ́. Ogun ọdún 1967 tí Ísírẹ́lì àti Íjíbítì bá ara wọn jà kò tíì pé ọdún kan, inú ń bí ìhà méjèèjì, wọ́n á sì ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká gbé ìbínú kúrò ńlẹ̀ ká mú àwòrán òkun.

Láti ibi tí Dakar sọ pé òun wà ní òwúrọ̀ ọjọ́ 24, Alẹkisáńdríà jìnnà tó nǹkan bí máìlì ojú òkun 250, ìyẹn ju kìlómítà 400 lọ. Mo fi ọwọ́ ara mi wọ̀n ọ́n lórí àwòrán òkun, kì í ṣe pé ẹnì kan sọ fún mi. Pẹ̀lú ìrìn máìlì 8 ní wákàtí kan, ọkọ̀ yẹn yóò lo bí wákàtí 30 kí ó tó dé ibẹ̀. Wákàtí 18 ló wà láàárín ìgbà tó sọ ibi tó wà àti ìgbà tí ohùn rẹ̀ dákẹ́ pátápátá. Ní gbogbo wákàtí yẹn ó ń ránṣẹ́ bó ṣe yẹ, kò pariwo, kò kígbe. Ta ló wá gbé e dé ẹnu ọ̀nà Alẹkisáńdríà? Ọ̀gá ọkọ̀ tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun tètè délé ni yóò yí imú ọkọ̀ sí gúúsù, lọ sí èbúté ọ̀tá, pẹ̀lú ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, láìgba àṣẹ?

Kí ẹ tó dá mi lóhùn, òkú ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti dáhùn. Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 1999, àwọn ọmọ ogun ojú omi Ísírẹ́lì àti ti Amẹ́ríkà pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Nauticos, tó mọ̀ nípa wíwá nǹkan nínú ibú, rí ohun ńlá kan lórí sonar, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ìró wá nǹkan nínú omi, tí wọ́n ń fà lẹ́yìn ọkọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ẹ̀rọ tó ń gbé kámẹ́rà wọ ìsàlẹ̀ fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sókè. Dakar ni. Àárín Kírétè àti Kípírù ló wà, lójú ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún un láti gbà délé, nínú ibú tó tó nǹkan bí mítà 3,000. Kò yà sí gúúsù. Kò sún mọ́ Alẹkisáńdríà. Ó wà níbi tí ọkọ̀ tó ń lọ sílé yẹ kó wà.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ lórí mítà 3,000 yẹn. Ìtàn Íjíbítì ń fẹ́ omi etíkun, níbi tí ọkọ̀ lè ti kanlẹ̀. Omi tí òkú ọkọ̀ wà nínú rẹ̀ jìn débi pé, tí ẹ bá to ilé alájà 10 lérí ara wọn lọ́nà ọgọ́rùn-ún, èyí tó wà lókè pátápátá ló máa rí oòrùn. Nǹkan bí mítà 100 ni irú ọkọ̀ yìí lè wọ̀ láìséwu. Ní gbogbo mítà 10 tí ẹ bá ń lọ sísàlẹ̀ òkun, ìtẹ̀ omi á fi ìwọ̀n kan tó tó ti afẹ́fẹ́ ayé yìí kún un. Ní mítà 100, ó ti di ìlọ́po 10 lórí gbogbo ara ọkọ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí irin á fi juwọ́ sílẹ̀, ìgbà tó bá sì juwọ́ sílẹ̀, kì í fọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó máa ń wó sínú lójú ẹsẹ̀.

Bí wọ́n ṣe bá Dakar gan-an nìyẹn. Ó dúró lórí ìdí rẹ̀, ó kọ imú sí àríwá ìwọ̀ oòrùn. Ilé ìṣọ́ orí rẹ̀ ti já, ó ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Apá ẹ̀yìn, tó gbé àjẹ̀ àti ìdarí, ti gé kúrò lẹ́yìn yàrá ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ tó wọ ibú tí kò lè gbà ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Wọn kò sì rí àmì pé àwọn atukọ̀ ráyè ṣe ohunkóhun láti gba ara wọn là. Ó yá jù wọ́n lọ.

Àwọn tí kò ṣiṣẹ́ ní yàrá ẹ́ńjìnnì rí ló máa ń bi mí pé, báwo ni ọkọ̀ odidi ṣe lè parẹ́ láìsí pé ẹnì kan gbógun tì í? Ọdún 11 ni mo fi wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ akẹ́rù, mo sì lè dá wọn lóhùn. Páìpù omi òkun kan bẹ́ lójú mi lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ tí mo wà kì í ṣe tuntun, ilé iṣẹ́ tó ni ín sì ti ń sún àtúnṣe páìpù yẹn síwájú. Páìpù náà kò ju ọrùn ọwọ́ ọmọdé lọ. Ibi tó wà kò ju mítà 6 lọ sísàlẹ̀ ojú omi. Omi tó jáde níbẹ̀ gbá ẹlẹgbẹ́ mi ṣubú, ó sì bo àwo ìlẹ̀ tí à ń rìn lé lórí kí a tó dé ibi fáàfù. Ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ara wa. A rí fáàfù tì, nítorí pé ọkọ̀ wa ń léfòó, àyè sì wà.

Ẹ wá gbé páìpù tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 lọ sí mítà 100. Omi á máa gba ibẹ̀ wọlé pẹ̀lú ìsáré tó ju mítà 40 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì máa ju tọ́ọ̀nù 10 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Bí ó ṣe ń wọlé ni ọkọ̀ ń wúwo, bí ó ṣe ń wúwo ló ń lọ sísàlẹ̀, bí ó ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni omi ń wọlé kíákíá sí i. Kódà kí omi kankan má wọlé, tí ìdarí bá há nígbà tí imú ọkọ̀ dojú kọ ìsàlẹ̀, ọkọ̀ tó ń rìn máìlì 8 ní wákàtí kan ń kọjá mítà 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi ìdẹ̀gẹ́rẹ́ kan sí i, ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ ti tó láti kọjá ibi tí irin lè gbà. Snorkel náà tún wà níbẹ̀: páìpù ńlá tó ṣí sílẹ̀ sínú ọkọ̀, tí fáàfù orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ tì ní gbogbo ìgbà tí ìgbì bá bò ó, fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ kan, láti Gibraltar dé ìlà oòrùn Kírétè.

Èwo nínú wọn ló kọ́kọ́ bàjẹ́? Àwọn tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kò rí ohun kan pàtó fọwọ́ sọ, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àìmọ fáàfù tó bàjẹ́ kò sọ Íjíbítì di ẹni tó wà níbẹ̀.

Ohun kan wà tó ran irọ́ yìí lọ́wọ́ fún 30 ọdún, òun ló sì ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ọkọ̀ bíi Dakar ní bóyì ìdágìrì méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, tí wọ́n fi wáyà irin gígùn bíi mítà 200 so mọ́ ara ọkọ̀, pé tí ọkọ̀ bá rì kí ó lè léfòó sókè kó máa ké lórí rédíò. Ní ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 1969, ọdún kan lẹ́yìn tí ọkọ̀ sọnù, apẹja kan rí bóyì ẹ̀yìn Dakar ní etí òkun Khan Yunis ní Gásà. Wáyà tó kù lára rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 65 lọ. Àwọn onímọ̀ jókòó tì í, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ìdí, wọ́n sì sọ pé bóyì náà ti wà lára ọkọ̀ fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún náà kí wáyà tó já. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé omi ibẹ̀ kò lè jìn ju wáyà náà lọ púpọ̀. Wọ́n ní láàárín mítà 150 sí 326. Wọ́n tún ní ọkọ̀ náà ti yà kúrò lójú ọ̀nà tó máìlì 50 sí 70.

Ẹ rí i? Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń wá a nínú omi tí kò jìn, ní etíkun Íjíbítì àti káàkiri, ọdún lẹ́yìn ọdún. Bí wọ́n sì ṣe ń wá a ní etíkun Íjíbítì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn ń sọ pé, “Kí ló gbé e dé ibẹ̀, tí kì í bá ṣe pé Íjíbítì mọ̀ nípa rẹ̀?” Àṣìṣe kan bí òmíràn. Nígbà tí wọ́n rí òkú ọkọ̀ lọ́dún 1999 ni ọ̀rọ̀ bóyì wá yé wọn: ìwó ọkọ̀ ló fipá já a, ó léfòó, ó sì ń rìn kiri fúnra rẹ̀ lórí òkun fún ọdún kan gbáko kí ìgbì tó gbé e jù sí Gásà.

Èmi kò nílò kí wọ́n sọ ìyẹn fún mi. Àfẹ́fẹ́ kan gbé òrùka ìgbẹ̀mílà bọ́ sómi lára ọkọ̀ wa lóru, orúkọ ọkọ̀ wa wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, atukọ̀ ọkọ̀ mìíràn rí i ní etíkun tí a kò dé ibẹ̀ rí láyé wa. Ká ní ọkọ̀ wa sọnù lóṣù yẹn ni, ibẹ̀ ni wọn ì bá ti máa wá wa. Ohun tó ń léfòó ń sọ ibi tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí ni, kò lè sọ ibi tó ti ń bọ̀.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn tó ń sọ pé Íjíbítì ni kì í fẹ́ gbọ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1967, oṣù mẹ́ta péré ṣáájú ọ̀rọ̀ Dakar, Íjíbítì fi mísáílì ri Eilat, ọkọ̀ ogun Ísírẹ́lì, nítòsí Port Said ní Íjíbítì. Àwọn 47 ló kú. Eilat náà jẹ́ tòkunbọ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, HMS Zealous ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo ayé gbọ́. Íjíbítì yọ̀ ní gbangba, Ísírẹ́lì sì gbẹ̀san láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bí orílẹ̀-èdè méjì tó ń bá ara wọn jà ṣe ń ṣe nìyẹn tí ọ̀kan bá ri ọkọ̀ èkejì. Ti Dakar, àwọn ọkọ̀ àti bàálù Ísírẹ́lì, Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì, Gíríìsì, Tọ́kì títí kan Lẹ́bánónì ló ń wá a káàkiri òkun, kò sì sí ẹnì kan lọ́jọ́ yẹn tó na ọwọ́ sókè pé òun ló ṣe é.

Ó wá ku ti ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀. Ọkọ̀ mẹ́ta ni Ísírẹ́lì rà. Leviathan àti Dolphin, irú kan náà, láti ọwọ́ ẹni kan náà, wọ́n dé Haifa, wọ́n sì ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà. Tí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá tuntun ló ń gbani, ẹ wo ọdún 1968 yẹn kan náà. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí ohùn Dakar dákẹ́, ọkọ̀ abẹ́ omi Faransé tó ń jẹ́ Minerve rì nítòsí Toulon pẹ̀lú èèyàn 52. Ọdún 1964 ló wọṣẹ́, kò tíì pé ọdún mẹ́rin. Odidi 51 ọdún ló kọjá kí wọ́n tó rí òkú rẹ̀, ní oṣù keje ọdún 2019, nínú ibú tó ju mítà 2,300 lọ. Ní oṣù kẹta, K-129 ti Sófíẹ́tì rì ní Òkun Pàsífíìkì. Ní oṣù karùn-ún, USS Scorpion ti Amẹ́ríkà, tó ń fi agbára núkílíà rìn, rì pẹ̀lú èèyàn 99. Ọkọ̀ abẹ́ omi mẹ́rin lọ́dún kan, ọ̀kan ṣoṣo péré ni tòkunbọ̀.

Ti ère igi náà ńkọ́? Wọ́n ní àwọn ẹ̀yà Cowichan ní Kánádà fún ọkọ̀ náà ní ère nígbà tó ṣì ń jẹ́ Totem, pé kò gbọ́dọ̀ wọ òkun láìsí i, àti pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló mú ère náà dání kí wọ́n tó tà á. Lóòótọ́ ni ère náà wà ní mùsíọ́mù àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi ní Gosport. Èmi kò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n gbé iwájú ilé ìṣọ́ Dakar jáde látinú òkun ní oṣù kẹwàá ọdún 2000, ó sì wà ní mùsíọ́mù àwọn ọmọ ogun ojú omi ní Haifa. Ọkọ̀ wa dúró ní èbúté yẹn fún ọjọ́ mẹ́ta nígbà kan, mo sì fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ síbẹ̀. Irin ni lásán, ó kéré ju bí mo ṣe rò lọ, ibi tí èèyàn méjì tàbí mẹ́ta lè dúró sí. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ọ̀gá ọkọ̀ náà fẹ́ wọ èbúté tí mo wà yìí ní ọjọ́ 28, wọ́n sì ní kó dúró di ọjọ́ 29, ó sì gbà.

Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú àwòrán òkun yín. Ẹ fi ìka kan sí 34°16′, 26°26′, ẹ fi èkejì sí Alẹkisáńdríà, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ sì pín in sí máìlì 8 ní wákàtí kan. Tí ẹ bá rí i pé ó bọ́ sínú wákàtí 18, ẹ pè mí, èmi yóò wá bá yín nílé láti tọrọ àforíjì.